Ẹ Pa Swíìsì Yín Kí Iná Tó Dé

“Iná máa dé lọ́sàn-án yìí o! Ẹ̀yin ará Mápó, ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná! Ẹ má jẹ́ kí iná bá swíìsì yín ní títàn!”

Ọkọ̀ kékeré kan tó gbé gbohùngbohùn sórí ló ń kéde báyìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀nà Ọjà'ba wá sí Bẹẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò wa ló bàjẹ́, àwọn oníná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán. Obìnrin tó ń ta ìpara ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa na ọrùn síta. Ó ní, “Kí n pa swíìsì kẹ̀? Ta ni yóò wá sọ fún mi pé iná ti dé? Ṣé ìwọ tó ń pariwo nínú mọ́tò yẹn lo máa padà wá kan ilẹ̀kùn mi ni?” Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo jáde síta, mo rìn láti ìpẹ̀kun ìlà náà kan dé ìkejì, mo ń wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Swíìsì gbogbo wọn ló wà ní títàn. Fáànù, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù aránṣọ, gbogbo rẹ̀ ló ń dúró de iná. Mo gbé ojú sókè, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí àkàbà lára òpó, àṣíborí wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára wáyà. Ọmọ ẹnì kan ni. Mo padà sínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ẹni tó bá dàgbà nílùú yìí mọ àṣà náà. Bí iná bá lọ, a kì í pa swíìsì. À ń fi í sílẹ̀ ní títàn kí gílóòbù tàbí fáànù lè ṣe ìránṣẹ́, kó wá sọ fún wa pé iná ti dé. Nínú yàrá kan ṣoṣo, ewu rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nínú ilé alájà tó kún fún ọ́fíìsì, tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì ní éèsì, ewu ńlá ni. Orí ẹni tó dúró nídìí irin tí wọ́n fi ń yí iná ni ewu náà máa ń bọ́ sí. Ní ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi obìnrin ni ẹni náà.

Etí títì ni ilé náà wà, ní Bẹẹrẹ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni, agbo ilé onílé sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Onílé náà, Àlàájì kan tó ti dàgbà, kò kúrò ní agbo ilé baba rẹ̀. Ojúde ibẹ̀ ló ti ń wo ẹ̀yìn ọ́fíìsì tó kọ́. Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì nísàlẹ̀. Obìnrin kan ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fíríìjì tó ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ni kì í jẹ́ kó sùn. Àwọn lọ́yà wà ní àjà kìíní, ilé iṣẹ́ adójútòfò wà ní àjà kejì, àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà wà lókè pátápátá.

Ọmọ mi kọ́ iṣẹ́ iná ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì kọ́ iṣẹ́ éèsì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè-Àdó. Nígbà tí Àlàájì ní òun ń wá ẹni tó máa mójú tó iná, omi àti éèsì ilé náà, èmi ni mo sọ fún un pé mo bí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo rò pé tó bá wà níṣojú mi, ọkàn mi á balẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tó wà ní Òkè-Àdó, mi ò rí ohun tó ń fọwọ́ kàn. Ní Bẹẹrẹ, mò ń rí i.

Ó bá àríyànjiyàn kan nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé náà máa ń kú. Bí wọ́n bá tàn án lọ́sàn-án gangan, yóò kérora, yóò tú èéfín dúdú, yóò sì dákẹ́. Àwọn ayálégbé ní ó kéré jù, kí Àlàájì ra èyí tó tóbi. Àyè kan ṣoṣo tó sì lè gba èyí tó tóbi ni abẹ́ fèrèsé yàrá ìyá Àlàájì, arúgbó tí kì í jáde síta mọ́. Èéfín á máa wọlé bá a lórí ẹní.

Ọmọ mi rìn káàkiri ilé náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń yẹ éèsì kọ̀ọ̀kan wò. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Àlàájì ní ojúde. Èmi náà tẹ̀ lé e, mo díbọ́n bí ẹni wá kí ìyá àgbà.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, jẹnẹrétọ̀ yìí ò kéré. Àwa là ń jí gbogbo éèsì lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Jí wọn báwo?”

“Éèsì dà bí ẹni tó febi sùn, Bàbá. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, oúnjẹ tó máa bèèrè á pọ̀. Bó bá ti jókòó tán, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ. Gbogbo wọn ló ń jí pa pọ̀ torí pé swíìsì gbogbo wọn wà ní títàn. Kò sí ìkòkò tó lè bọ́ wọn.”

Àlàájì ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà. Ẹ fún mi láyè títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè gbé ilé yìí nínú ooru tó ń bọ̀, kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń fẹ́.”

Bí a ṣe ń bọ̀, mo bi í pé ta ló rán an níṣẹ́ kó fi ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó ní, “Màámi, iṣẹ́ mi ni.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ̀rù mi ti wá. Yàrá tóóró kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn irin ló ní. Inú rẹ̀ ni pátákó iná wà, pẹ̀lú swíìsì ńlá kọ̀ọ̀kan fún àjà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà ni irin ọlọ́wọ́ gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣéńjóófà. Irin yìí ló ń gbé gbogbo ilé kúrò lórí iná ìjọba bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló sì ń dá a padà. Kí ọmọ mi tó fọwọ́ kàn án, yóò kọ́kọ́ pa swíìsì gbogbo àjà, kí irin náà má bàa ru ẹrù kankan nígbà tó bá ń yí i. Bó bá ti yí i tán, yóò wá máa tan àjà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín: ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú nítorí fíríìjì oògùn, àwọn lọ́yà tẹ̀ lé e, àwọn oníkọ̀ǹpútà, kí àwọn adójútòfò wá gbẹ̀yìn nítorí pé éèsì tiwọn ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n bí irin náà bá já lé ẹrù lórí lójijì, iná á ta jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé èyí fún mi. Ó rò pé àlàyé ló máa fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù ò bà mí lẹ́rù. Kí oòrùn tó là ló ti ń fa omi sókè sínú táńkì, kí pọ́ǹpù àti éèsì má bàa jọ máa jìjàdù. Á ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn òwúrọ̀ gba inú ilé kọjá, á sì tì wọ́n pa kí ooru tó dé. Ó ń tú asẹ́ inú éèsì, ó ń fọ eruku Bẹẹrẹ kúrò lára rẹ̀. Omi tó ń ṣàn jáde níbẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀ odò Kúdẹtì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn ènìyàn bá ti ń lọ kírun, á lọ yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, á pa á. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tó bá wọn nínú òtútù, tí ọ̀kan nínú wọn wọ kóòtù, tó tún fi súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹja dídì lẹ̀ ń tà níbí ni?”

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín. “Àǹtí oníná, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló ń mú ara wa gbóná.”

“Ẹ bọ́ súwẹ́tà, sà, kí n jẹ́ kí éèsì náà sinmi. Ẹ̀yin méjèèjì á jẹ̀gbádùn.”

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kì í dùn ni ọ̀gá àwọn adójútòfò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, òógùn á ti bò wọ́n, òun á sì máa fi fáìlì fẹ́ wọn bí ẹni ń fẹ́ ààrò. Lọ́jọ́ kan ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: “Ṣé àwa lọmọ ìyàwó kejì nínú ilé yìí ni, tó fi jẹ́ pé àwa la máa ń gbẹ̀yìn oúnjẹ?”

Ọmọ mi dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀: “Ẹ̀yin lẹ sanra jù, sà! Tí ẹ bá kọ́kọ́ jókòó, kò ní sí àyè fún àwọn tó kù!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an, tí páànù àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ Mápó ń kọ mànà lójú wa láti àárọ̀, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Páìpù kékeré tó ń da omi éèsì àjà kejì síta, orí páànù ìbòjì ṣọ́ọ̀bù mi ló ń kán sí. Tó, tó, tó. Mo ti mọ ìró náà mọ́ iṣẹ́ mi. Ní ọ̀sán yẹn, jẹnẹrétọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ mi ti tan ìsàlẹ̀ àti àwọn lọ́yà, kò tíì pe àjà kejì. Mo ń fi ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ, mo gbọ́ ọ lókè orí mi: tó, tó, tó.

Mo ní bóyá omi tó kù nínú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì mo tún fetí sí i. Omi tó kù máa ń fà sẹ́yìn ni, ìró rẹ̀ á máa jìnnà síra títí yóò fi dá. Èyí ń yára sí i. Mo jáde síta, mo wo òkè, mo rí i tí abẹ̀bẹ̀ éèsì náà ń yí lẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ò tíì tan swíìsì àjà kejì lórí pátákó.

Mo sọ fún ọmọ mi nígbà tó wá jẹun.

Ó ní, “Màámi, omi tó kù ni.”

“Mo rí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń yí.”

“Atẹ́gùn ló ń yí i.”

“Atẹ́gùn wo? Ewé kan ò mì ní Bẹẹrẹ lónìí.”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Màámi, lóṣù tó kọjá ẹ ní ẹ ń gbóòórùn wáyà tó ń jó. Mo tú gbogbo pátákó palẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n ń sun lójúde Àlàájì. Lẹ́yìn náà ẹ ní irin náà ń kùn. Oyin ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹun.”

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Mo ti pariwo lórí àgbàdo, mo ti pariwo lórí oyin. Mo tún sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ mìíràn, ó ní òun á lọ wò ó tí àyè bá yọ. Àyè ò yọ, nítorí ooru ń pọ̀ sí i, òun náà ò sì fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òjò tó dé. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìró omi yẹn ṣáájú àkókò rẹ̀, mo máa ń jáde lọ wo òkè.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ló ṣẹlẹ̀. Kò sí iná ìjọba láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ló gbé gbogbo ilé. Mo ń tẹ ìwé ẹ̀rí kan fún ọkùnrin kan tó dúró tì mí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo láti òkè Mápó, ariwo àwọn ọmọdé, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò bí òjò ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀: “Iná ti dé! Iná ti dé!” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn irin sé. Fáànù mi dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kú. Lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo gbọ́ omi lórí páànù. Ó ṣì ń kán kíákíá. Mo mọ̀ pé éèsì náà ti ń ṣiṣẹ́ títí di ìṣẹ́jú yẹn, swíìsì rẹ̀ wà ní títàn, kò sì gba orí pátákó ọmọ mi kọjá. Ó ń dúró de iná. Ọwọ́ ọmọ mi ló sì máa gbé iná náà fún un.

Mo fi oníbàárà mi sílẹ̀. Mo gbá ilẹ̀kùn irin náà. “Má tíì yí i! Àjà kejì ṣì wà níbẹ̀!”

Ohùn rẹ̀ wá láti inú: “Mo ti pa àjà kejì, Màámi! Mò ń wò ó níbí! Ẹ má pè mí nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́!”

Òtítọ́ ni, ó ti pa á. Swíìsì tó ń wò wà ní pípa. Kò sí ohun tí mo lè sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó máa dà bí ohun tó yàtọ̀ sí àgbàdo àti oyin. Mo yí padà, mo gbá àtẹ̀gùn mú. Orúnkún mi ọ̀tún kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n mi ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá náà dúró láàárín ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé orí sókè sí éèsì bí ẹni ń wo ojú ọ̀run fún òjò. Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin jókòó sídìí tábìlì.

“Ọ̀gá, ẹ pa éèsì yìí.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Iná ò sí, kí lẹ fẹ́ kí n pa?”

“Ẹ pa á!”

“Ẹ jókòó ná. Ẹ bu omi fún Màmá.”

Mo rí swíìsì náà lára ògiri, lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejìká rẹ̀, mo pa á.

“Ó tán!” ni ọ̀gá náà wí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ yá ọ́fíìsì yìí ni?”

Mi ò wo ojú rẹ̀. Akọ̀wé ni mò ń wò, nítorí pé ó yí ojú sí ilẹ̀kùn yàrá inú, ó sì tún yára gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo bi í pé, “Òmíràn wà nínú?”

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ sọ fún wọn.”

Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá inú náà nígbà tí ohun kan dún nísàlẹ̀: gbàù!

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ti ṣí, èéfín díẹ̀ ń jáde, òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló gbà á. Ibi tí ìbọ̀wọ́ náà pin sí ni iná ti kàn án. Awọ ara rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń wú bọ̀. Ó ní, “Kékeré ni, Màámi. Ẹ mí ná. Ẹ mí.”

Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé láti agbo ilé. Obìnrin oloògùn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ gbé epo yẹn padà! Ẹ má fi nǹkan kan sí i! Omi tútù ni!” Ó di ọwọ́ ọmọ mi mú sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kò sì jẹ́ kó fà á kúrò. Omi tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fà sínú táńkì ní àárọ̀ ni.

Ó wo ojú mi. “Ta ló wà ní títàn?”

“Àjà kejì.”

“Mo pa á.”

“Wáyà mìíràn ni. Éèsì méjì ló wà lórí rẹ̀, mo pa ọ̀kan. Mi ò tíì dé ìkejì.”

 Omi ń dà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ká ní méjèèjì ló jọ wọlé…” Kò parí rẹ̀, èmi náà ò sì ní kó parí rẹ̀. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni, “Ẹ sọ fún mi. Ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀.”

Bí wọ́n ti di ọwọ́ náà tán, ó gòkè. Ó rí wáyà náà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi ọ̀dà kan náà tó wà lára ògiri kùn ún, ó lọ tààrà sí ìdí ṣéńjóófà, kò gba orí pátákó. Ọ̀gá náà ti pe oníwáyà kan wá lọ́jọ́ Àìkú tí kò sẹ́nì kankan, kó lè máa jẹun ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló ń yí irin náà. Ọlọ́run gbọ́, mo rò pé ẹ̀rọ ló ń dá a ṣe.”

Mo fẹ́ bú u. Mi ò bú u, nítorí pé mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Kí ọmọ mi tó gba iṣẹ́ yìí, èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì pe gbogbo ayálégbé sí ojúde. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ ò rí i, jẹnẹrétọ̀ ńlá náà ni ọ̀nà àbáyọ. Mo dìde. Mo ní mi ò mọ̀ nípa ńlá tàbí kékeré, mo fẹ́ mú ọmọ mi kúrò, kí ó wá bá mi tẹ̀wé, kó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

Àlàájì ní, “Ìyá, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀.”

Ọmọ mi ò wo ojú mi. Ó ní, “Ọwọ́ ti ń jiná, sà. Mo fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tí ẹ kì í pa swíìsì nígbà tí iná bá lọ?”

 Lọ́yà tó wọ súwẹ́tà ló dáhùn: “Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iná ti dé?”

“Ìyẹn nìkan ni?”

“Kí ló tún kù?”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti yọ wáyà ìkọ̀kọ̀ náà, ó sì ti gbé gílóòbù pupa kékeré kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ṣéńjóófà, níbi tí iná ìjọba ti ń wọlé, ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Bí iná ìjọba bá dé, wọ́n á tàn, gbogbo ilé á mọ̀, éèsì kan ò sì ní ṣe ìránṣẹ́ mọ́. Ọmọ mi kì í yí irin náà títí àjà kọ̀ọ̀kan á fi kígbe sọ̀kalẹ̀ fún un. “Àwọn lọ́yà ti pa!” “Kọ̀ǹpútà ti pa!” Ohùn ọ̀gá adójútòfò ló ga jù: “Ìyàwó kejì ti pa, Àǹtí! Gbogbo yàrá! Mo lọ wò ó fúnra mi!”

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà gbé ilé náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń gbé e. Kì í kérora mọ́, kì í sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé gílóòbù pupa ń tètè sọ pé iná ti dé. Kò sí ohun tí wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé ìyá àgbà. Àpá kan wà ní ọrùn ọwọ́ ọmọ mi, ó rí bí okùn aago. Mo ṣì máa ń dá iṣẹ́ dúró bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, mi ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ohùn tó kẹ́yìn á fi ké láti òkè.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ́mọkùnrin orí àkàbà, ẹni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ so iná gbogbo ìlà náà padà. Lẹ́yìn tí mo kọ ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé yìí, mi ò lè jókòó. Mo padà síta, mo ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan pa á. Aránṣọ pòṣé, ó ní kí n lọ bójú tó ilé mi. Obìnrin onípara ní, “Ìyá Oníná ti dé o!” ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n ó pa fíríìjì rẹ̀. Mo dúró sábẹ́ òpó náà títí ọmọ ọlọ́mọ fi sọ̀kalẹ̀, tó bọ́ àṣíborí, tó ra omi mu. Ó kí mi. Kò mọ ìdí tí mo fi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju èyí lọ. Bí iná bá lọ nílé yín tàbí lọ́fíìsì yín, ẹ pa swíìsì kí ẹ tó jókòó: éèsì, fíríìjì, fáànù, áyọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀. Ẹ fi gílóòbù kékeré kan ṣoṣo sílẹ̀ kó máa ṣọ́nà fún yín. Bí iná bá sì dé, ẹ tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wà nídìí irin yẹn tàbí lórí òpó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ná.